Ewì Lẹ́nu, Ijó Lẹ́sẹ̀: Ìtàn Bí Ilé Ẹ̀kọ́ Ṣe Ya Ewì Àwọn Ọmọdé Kúrò Lára Ijó

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ewì Yorùbá, orí ìjókòó ni a ti ń kọ́ ọ. Ọmọ a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìwé a wà níwájú rẹ̀, olùkọ́ a ka ìlà kan, gbogbo kíláàsì a sì kà á tẹ̀lé e. Bí ìdánwò bá dé, wọn a ní kí ọmọ tọ́ka sí ọnà èdè tí ó wà nínú ìlà kẹta sí ìkarùn-ún. Ọmọ tí ó bá kọ “àwítúnwí” gba máàkì rẹ̀. Ìdí tí akéwì fi tún ọ̀rọ̀ náà wí kì í sábà wọ inú ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú púpọ̀ nínú ewì tí àwọn ọmọ Yorùbá ń ké kí ilé ẹ̀kọ́ tó dé, ẹsẹ̀ ni ìdí náà. A ń tún ọ̀rọ̀ wí kí agbo lè yí, kí ẹni tí ó wà láàárín lè bọ́ síta, kí ẹlòmíràn sì bọ́ sí ipò rẹ̀.

Kì í ṣe pé ewì àwọn ọmọdé kò ní ijó nínú láti ìbẹ̀rẹ̀. Yíyà ni a yà wọ́n. Ìyapa náà ní ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, ó ní ohun tí ó fà á, ó sì ní àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti tún àwọn méjèèjì so pọ̀. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ òde òní ronú sí ni pé àwọn tí wọ́n ṣe é tí ó yọrí jù lọ jẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n sì ní láti jáde kúrò nínú ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó ṣeé ṣe fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo agbo eré òṣùpá. Nínú eré ẹkùn mẹ́ran, àwọn ọmọ a di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn a ṣe agbo. Ọmọ tí ó jẹ́ ewúrẹ́ a wà nínú agbo, èyí tí ó jẹ́ ẹkùn a wà lẹ́yìn. Ẹnì kan a máa lé, àwọn yòókù a máa gbè gẹ́gẹ́ bí ewúrẹ́ ti í ké. Lílé náà ni ó ń ròyìn ẹkùn: ojú rẹ̀, ìrù rẹ̀, àti bí ó ṣe ń sún mọ́ tòsí. Ọmọ tí ó jẹ́ ẹkùn gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ ṣe ohun tí lílé ń wí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá kúrò lára ègbè, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú, ibẹ̀ ni ẹkùn yóò sì gbà wọlé. Kò sí olùkọ́ níbẹ̀ tí ó ń béèrè ohun tí ewì náà túmọ̀ sí. Ọmọ tí kò bá lóye rẹ̀, ó hàn lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bojúbojú: ìdáhùn tí àwọn ọmọ bá fún ẹni tí ó ń ké ni yóò sọ bóyá kí ó ṣí ojú tàbí kí ó ṣì dúró. Ewì ni, òfin eré ni, ìgbésẹ̀ ni.

Ti agbo eré yàtọ̀ sí ti àwọn ìdílé tí ewì jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ní agbo ilé Ọ̀jẹ̀, láti kékeré ni ọmọ ti ń tẹ̀lé àwọn àgbà lọ sí òde eré. Òkìtì títa, ijó jíjó àti ẹ̀sà pípè kì í ṣe ẹ̀kọ́ mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún un. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Skọ́tíláǹdì, wo eré irú àwọn wọ̀nyí ní ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ó rí àwọn tí ń jó nínú àpò, ó rí ejò ńlá tí ènìyàn wà nínú rẹ̀, ó sì rí ẹ̀dá funfun kan tí ó ń rìn bí ẹni tí òtútù ń mú, èyí tí àwọn òǹwòran fi ń rẹ́rìn-ín sí òun gan-an alára. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pé láàárín eré kan sí èkejì, àwọn obìnrin ààfin ń kọrin, gbogbo èrò sì ń bá wọn gbè é. Ẹ̀rí tí ó wúlò ni èyí. Ó fi hàn pé ní nǹkan bí ogún ọdún kí ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó dé ilẹ̀ wa, àwọn ènìyàn tí wọ́n pé jọ kì í kàn ń wo ewì. Wọ́n ń gbè é.

Àwọn ọmọbìnrin náà ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn. Láàárín àwọn Ọ̀yọ́, bí ìyàwó bá fẹ́ lọ sí ilé ọkọ, a máa sun ẹkún láti ojúlé dé ojúlé láti fi dágbére fún àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì tó ilé ọkọ ni ó ń tẹ̀ lé e tí wọ́n ń gbè é. Kí ọjọ́ tiwọn tó pé, ewì náà ti wà lẹ́nu wọn, nítorí ẹsẹ̀ wọn ti bá a rìn dé gbogbo ilé tí ó yẹ kí ó dé.

Ti onílù ni ó fi kókó ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn, ìyáàlù sì lè sọ ohun tí ẹnu ń sọ, nítorí ó lè gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Bí ìyáàlù dùndún bá ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú a máa di ìlù mú lábẹ́ rẹ̀ láìyẹsẹ̀. Oníjó tí ó mọṣẹ́ kì í jó gúdúgúdú nìkan; ohun tí ìyáàlù wí ni ó ń dá lóhùn. Bí ìyáàlù bá pe oríkì, oníjó a mọ ibi tí gbólóhùn parí sí, ibẹ̀ ni yóò sì gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ sí. Bí ìyáàlù bá fi ọ̀rọ̀ dárà, tí ó lu ohun tí ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, oníjó a fi ara yàn nínú méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà bá sọ pé ẹnì kan kò gbọ́ ìlù, kì í ṣe etí rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé. Ijó ni ìdánwò ewì nígbà náà, ó sì ṣòro láti jí ìwé wò nínú ìdánwò bẹ́ẹ̀.

Ní 1843 ni William de Graft, ará Gold Coast tí ó jẹ́ oníṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní Àgbádárìgì. Àwọn ìjọ yòókù tẹ̀ lé wọn. Ìwé kíkà, àdúrà àti orin ìsìn ni ó gba ipò iwájú. Orin náà sì ni ìyapa ti bẹ̀rẹ̀. Orin Gẹ̀ẹ́sì ni a túmọ̀, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń kọ ọ́. Ohùn orin náà kò mọ̀ pé ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, tàbí pé ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Ọmọ a dìde dúró ṣánṣán, a di ọwọ́ rẹ̀ mú sẹ́yìn, a sì máa kọ ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ ti yí padà. Bí kò bá sí ohùn tí ó tọ́, kò sí ohun tí ẹsẹ̀ lè dá lóhùn. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì àgbà Cathedral ní Èkó láti 1914, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ohùn yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà fi jáde, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń dúró ṣánṣán.

Owó tún dá sí i. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba ṣe ní 1882 fi àbájáde ìdánwò ṣe ọ̀kan nínú ohun tí a fi ń díwọ̀n owó ìrànwọ́ fún ilé ẹ̀kọ́, kíka àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìṣirò ni ó sì jẹ mọ́ ìdánwò náà. Òfin 1887 kò gbé èdè Yorùbá sí ipò tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò mú owó wá, olùkọ́ wo ni yóò fi wákàtí kan ṣòfò lé e lórí?

Kò yẹ kí á di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn oníwàásù, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń ṣe. Lójú tiwọn, bàtá jẹ́ ti Ṣàngó, ẹ̀sà jẹ́ ti egúngún, wọn kò sì rí ọ̀nà tí ọmọ fi lè jó bàtá láìbọ òrìṣà. Àwọn òbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbàgbọ́ pàápàá kò fẹ́ kí a rí ọmọ wọn ní agbo bẹ́ẹ̀. Àwọn ìjọ wọ̀nyí kan náà ni ó fún wa ní ọ̀nà ìkọ̀wé tí a fi kó ọ̀pọ̀ ewì jọ. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò ju pé ìwé tí ó gba ọ̀rọ̀ ewì là kò ní ibi tí ó lè kọ ẹsẹ̀ sí.

Ara náà kò ṣàì ní ọjọ́ tirẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ń ṣe dírìlì. Ní ọjọ́ 24 oṣù Èbìbí tí í ṣe ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà, àwọn ọmọ ilé ìwé a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn a yan kọjá níwájú aṣojú ìjọba, wọn a kí àsíá. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé ìgbésẹ̀ wà níta láìsí ewì, ewì wà nínú kíláàsì láìsí ìgbésẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó fi ìlù sílé tí ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lọ sí òde ijó.

Àwọn kan kò dákẹ́. Josiah Ṣówándé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ṣóbọ̀ Aróbíodu gbé ohùn àrùngbè, ewì àwọn olórò Ẹ̀gbá, wọ inú ìwé títẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ṣe orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, ó sì kọ púpọ̀ nínú wọn sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Nígbà tí ohùn bá ti tọ́, ara kò le dúró gbọingbọin. Ẹni tí ó bá wo ìjọ tí ó ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ní 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gbé ìlànà kan jáde pé kí ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà bá ìgbésí ayé àti èdè àwọn ènìyàn ibẹ̀ mu. Láti 1943 ni J. F. Ọdúnjọ tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀wọ́ ìwé Aláwìíyé jáde, tí ewì fi di ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń rí nínú ìwé kíkà rẹ̀. Àǹfààní ńlá ni, àwọn tí wọ́n jáde nínú ìwé náà kò sì gbàgbé ewì inú rẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Ìkàsórí ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn tí wọ́n so ó pọ̀ ni ó kàn. Hubert Ògúndé ti Òsósà ti ṣe olùkọ́ kí ó tó di ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù ọdún 1944, ó gbé eré kan kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó fún ìjọ Aládùúrà kan. Ẹ kíyè sí irú ìjọ tí ó jẹ́: ìjọ tí ń pàtẹ́wọ́, tí ń jó. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, olùkọ́ ni òun náà kí ó tó fi eré ṣe iṣẹ́ ṣe. Lánkẹ́ Ọ̀mùtí rẹ̀, tí ó ti inú ìwé Amos Tutùọlá wá, jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963.

Ti Dúró Ládípọ̀ ni ó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Ọmọ oníṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni, olùkọ́ sì ni. Ní 1961, ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn kan nínú ìjọ kò fara mọ́ ọn rárá pé kí a lu irú ìlù bẹ́ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Ó ṣeé ṣe fún un láti yọ ìlù náà kúrò, kí ó sì fi dùùrù rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìgbà náà ni ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Dípò èyí, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1962, òun àti Ulli Beier pẹ̀lú àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Mbari tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn ni àwọn ará Òṣogbo yí padà sí èdè tiwọn, bí ẹni tí ó ń sọ pé bí òun bá rí i, òun ì bá yọ̀. Ọba Mọ́rọ̀ jáde lọ́dún náà, Ọba Kòso jáde ní 1963, Ọba Wàjà sì jáde ní 1964.

Ohun tí Ládípọ̀ ṣe nínú Ọba Kòso yẹ kí ó yé akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kà á nínú ìwé. Kò fi ijó ṣe ohun ìsinmi láàárín ọ̀rọ̀, bí ẹni tí ó fi ata sójú ọbẹ̀ nígbà tí ó ti jinná. Oríkì Ṣàngó ni ó ń ti ẹnu òṣèré jáde, bàtá ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ara òṣèré ń dá bàtá lóhùn. Níbi tí oríkì bá ti gbóná, gbólóhùn a kúrú, ẹsẹ̀ a yá. Ẹni tí ó bá ka ojú ìwé náà tí ó rí gbólóhùn kúkúrú kúkúrú lè rò pé ọ̀rọ̀ ni ó tán lẹ́nu òǹkọ̀wé. Àwọn tí wọ́n wò ó ní Berlin ní 1964, tí wọn kò gbọ́ Yorùbá rárá, kò ṣi èyí lóye. Ó jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu díẹ̀ pé ará Jámánì tí kò gbọ́ èdè lè rí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó gbọ́ èdè kò rí, kìkì nítorí pé ọ̀kan wò ó, èkejì kà á.

Ní àsìkò kan náà, àwọn òyìnbó ń tọ ọ̀nà tí wọ́n ní kí á fi sílẹ̀. Rudolf Laban, tí ó sá kúrò ní Jámánì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé lórí ijó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní 1948. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ọmọ fi ara rẹ̀ wá ìtumọ̀ ohun tí ó gbọ́. Ní tiwa, ní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tí ó lé ní 811,000. Kò sí ohun tí ó tó o láti fi yangàn nínú ìtàn ẹ̀kọ́ wa. Ṣùgbọ́n kíláàsì tí bẹ́ǹṣì ti kún dé ẹnu ọ̀nà, níbo ni agbo yóò ti yí? Ẹ̀kọ́ wọlé tọ gbogbo ọmọ wá, àyè ijó sì há sí i.

Ìdánwò kan tí ó yẹ ní ìrántí ni ti Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà, àfi Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní olùkọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ yìí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ yòókù. Fún ọ̀rọ̀ tiwa, ohun tí ó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ọmọ kò ní láti fi èdè eré rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kí ó tó wọlé.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Adébóyè Babalọlá ti gbé ìwé lórí ìjálá jáde ní 1966, Olúdáre Ọlájubù kó iwì egúngún jọ ní 1972, Ọlátúndé Ọlátúnjí sì ṣàlàyé àbùdá ewì alohùn ní 1984. Nípasẹ̀ irú iṣẹ́ báyìí ni lítíréṣọ̀ alohùn fi ní ipò nínú ẹ̀kọ́ àti ìdánwò Yorùbá. Ìjà tí wọ́n jà tí wọ́n sì ṣẹ́gun ni. Ṣùgbọ́n ewì alohùn tí ó wọ inú ìdánwò, ojú ìwé ni ó gbà wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án jáde ní 2007, orin, ijó àti eré oníṣe bọ́ sí abẹ́ iṣẹ́ kan pẹ̀lú ọnà yíyà, ewì sì dúró sí abẹ́ Yorùbá. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ ọ̀tọ̀ ni ó ń kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ní nínú ọ̀sẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ kò nílò bàtá tàbí owó. Kí ó pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì, kí apá kan máa lé, kí apá kejì máa gbè, kí àwọn tí ń gbè sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú ní ibi tí wọ́n bá gbà pé gbólóhùn parí sí. Wọn yóò ṣì í. Àwọn kan yóò gbé ẹsẹ̀ síbi tí ìlà parí sí lójú ìwé, àwọn mìíràn yóò gbé e síbi tí èrò parí sí, àríyànjiyàn yóò sì ṣẹlẹ̀. Àríyànjiyàn náà ni ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó bá ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lórí ibi tí ẹsẹ̀ yẹ kí ó balẹ̀ sí yóò ní ohun tí ó ju orúkọ ọnà èdè lọ láti kọ nígbà tí a bá bi í léèrè ìdí tí akéwì fi dánu dúró níbẹ̀.

Títí di òní, bí agogo ìsinmi bá lù, àwọn ọmọbìnrin a bọ́ sí ẹ̀yìn kíláàsì. Méjìméjì ni wọ́n ń dojú kọ ara wọn, wọn a máa pàtẹ́wọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọn a máa kọrin, bí orin bá sì dé ibi kan, àwọn méjèèjì a ju ẹsẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì ti kúrò nínú eré nìyẹn, ẹlòmíràn a sì bọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn. Ní ìgbà mìíràn, orin tuntun ni wọ́n dá sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ó ti mọ́ gbogbo wọn lára kí oòrùn tó kan àtàrí. Lẹ́yìn náà agogo a tún lù, wọn a gbọn eruku nù lẹ́sẹ̀, wọn a padà wọlé, wọn a ṣí ìwé ewì.